Ohun Tí Kò Jẹ́ Kí Orúnkún Rìnsọ́lá San

Ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá nínú ìtàn yìí, ṣùgbọ́n kí n tó dé ibi ọpẹ́, mo ní láti gba ibi ìtìjú kọjá. Kamil ni orúkọ mi. Ọmọ Ìwó ni mí, ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Johannesburg. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ pé inú mi máa ń tètè ru. Rìnsọ́lá ìyàwó mi, tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í bínú. Tàbí kí n sọ pé tó bá bínú, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta kí èèyàn tó mọ̀.

Aránṣọ ni. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ló ń rán jù. Nídìí iṣẹ́ la ti pàdé. Ó gbé ẹ̀rọ kan tó ń já òwú wá fún mi, mo tún un ṣe, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì ó tún gbé e padà wá. Mo bínú. Mo ní ẹ̀rọ tí mo bá tún ṣe tán tó bá tún ń bàjẹ́, a jẹ́ pé ẹni tó ń lò ó ń ṣe nǹkan kan tí kò sọ fún mi. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, ó ní òwú tó ti gbó ni òun ń lò. Ọdún mẹ́rìnlá rèé tí a ti fẹ́ra, a sì ti bí ọmọbìnrin kan, Balqees, tó ti pé ọdún mọ́kànlá.

Fúláàtì wa wà ní àjà kẹta nínú ilé àtijọ́ kan ní Troyeville. Yàrá tó kọjú sí títì ni Rìnsọ́lá ti ń ránṣọ. Lífítì ilé náà ti kú kí á tó kó débẹ̀, ẹni tó ni ilé sì ti ń sọ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn pé lóṣù tó ń bọ̀ ni òun máa tún un ṣe. Torí náà ẹsẹ̀ la fi ń gun òkè, ẹsẹ̀ la fi ń sọ̀kalẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kejì, Rìnsọ́lá ń gbé ìdì yúnífọ́ọ̀mù kan sọ̀kalẹ̀. Ó gbá a mọ́ àyà, ìdì náà ga dé àgbọ̀n rẹ̀, kò sì rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó rò pé àtẹ̀gùn kan ṣì kù. Kò kù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nà gbọọrọ kan ilẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ àti ẹrù sì wá lé e lórí. Orúnkún tí Ọlọ́run dá pé kó máa ká síhìn-ín ló bá yẹ̀ sí ọ̀hún, ó tẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní òun gbọ́ ìró kan nínú ẹsẹ̀ òun, "pọ́", bí ìgbà tí okùn bá já, kí ìrora tó dé.

Obìnrin ará Mozambique tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló pè mí. Mo sáré dé, mo bá a tó jókòó sáàárín aṣọ àwọn ọmọ iléèwé, orúnkún rẹ̀ sì ti wú. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé kí n kó aṣọ kúrò nílẹ̀ kó má baà dọ̀tí. Mo gbé e sínú báàkì mi, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí mo ní, mo sì wà á lọ sí ọsibítù.

Wọ́n yàwòrán ẹsẹ̀ náà. Egungun kankan ò ṣẹ́. Dókítà tó tọ́jú wa jẹ́ ọ̀dọ́, ohùn rẹ̀ tutù. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan orí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wá ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń lù, ó ní tí orúnkún bá yẹ̀ sẹ́yìn báyìí, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá ni àwọn kọ́kọ́ máa ń bẹ̀rù fún. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dáadáa. Mo ní alhamdulillahi. Ó wá ṣàlàyé pé iṣan líle mẹ́rin ló so egungun itan mọ́ egungun ojúgun, bí okùn. Èyí tó wà lápá ẹ̀yìn, tí kì í jẹ́ kí ojúgun sún sẹ́yìn, ni ó ya díẹ̀. Kò já tán.

Ó ní ohun tó ya díẹ̀ lè so ara rẹ̀ padà tí èèyàn bá fún un láyè. Wọ́n de bírésì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, àmúró onírin tó ṣeé ká ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí orúnkún yẹ̀ síbì kankan, wọ́n fún un ní ọ̀pá ìtìlẹ́yìn méjì. Kó máa fi yìnyín tí wọ́n fi aṣọ wé sí i. Kó máa gbé ẹsẹ̀ lé ibi gíga. Kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi gbóná wọ́ ọ. Èyí tí dókítà sọ lẹ́ẹ̀mẹta ni pé kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kò gbọ́dọ̀ lóṣòó, torí pé tí orúnkún bá gbé ara sórí ilẹ̀, ńṣe ni ilẹ̀ máa ń ti ojúgun sẹ́yìn, tí á tún máa ya ohun tó ń gbìyànjú láti so.

"Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, a máa yẹ̀ ẹ́ wò," dókítà wí. "Tí egungun bá ṣì ń sún, iṣẹ́ abẹ ló kù."

Mo wo ojú Rìnsọ́lá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nílé, ohun kékeré ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe fún un, òkú rẹ̀ ni wọ́n sì gbé jáde. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ níwájú Rìnsọ́lá, ọwọ́ rẹ̀ á tutù. Nínú báàkì, ó di ọwọ́ mi mú. "Bàbá Balqees, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn mí." Mo ní kò ní débẹ̀. Èmi tí mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí ohun tí mo ṣe.

Ẹ mọ ìṣe wa. Tí nǹkan bá ṣe èèyàn, ilé rẹ̀ kì í dá. Lọ́jọ́ kejì ni àwọn obìnrin Àsàlátù dé, àwọn tí wọ́n jọ máa ń ṣe àdúrà ní ọjọ́ Àìkú ní mọ́ṣáláṣí. Ìyàwó Ìmáàmù wá. Àwọn ará Ìwó tó wà ní Soweto wá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Alhaja Yíwọlá, ló wá jù. Òun ló mú mi wá sí ìlú yìí, aṣọ àti hìjáàbù ló ń tà ní àárín ìlú, ó sì fẹ́ràn ìyàwó mi ju bó ṣe fẹ́ràn mi lọ. Ọjọ́ méjì-méjì síra wọn ló ń wá, mọ́ínmọ́ín lónìí, ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja lọ́tùnla. Gbogbo wọn ló ń sọ pé "Ara á yá o, Ọlọ́run á mú àlàáfíà wá," a sì ń ṣe àmín.

Ìmáàmù fúnra rẹ̀ tẹ̀ mí láago. Ó ní kí Rìnsọ́lá jókòó sórí àga kírun, pé Ọlọ́run kò fẹ́ ìnira fún ẹrú rẹ̀. Rìnsọ́lá kò jiyàn. Àga tó fi ń ránṣọ ló ń jókòó sí kírun, tó bá tó ìgbà ìforíkanlẹ̀, á kàn tẹrí síwájú díẹ̀. Inú mi dùn. Mo rò pé tí ẹni tí kì í fi ìrun ṣeré bá ti lè gbọ́ràn lórí ìrun, kò sí ohun tí kò ní gbọ́ràn lé lórí.

Ní Braamfontein ni físíò wa wà, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan. Thandeka ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Súlú ni, ọwọ́ rẹ̀ le bíi tèmi tí mò ń tú irin. Ọjọ́ Ọjọ́rú ni mo máa ń gbé Rìnsọ́lá lọ. Thandeka á ká táwẹ̀lì, á fi sábẹ́ orúnkún, á ní kó fi itan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó ka ení dé ẹ̀wá, kó tó dẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà kó gbé ẹsẹ̀ sókè ní nínà, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó ní iṣan iwájú itan ni yóò máa bá èyí tó ya ṣiṣẹ́ títí ara rẹ̀ á fi le, torí náà ó yẹ kó lágbára dáadáa. Rìnsọ́lá ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Mo máa ń gbọ́ ọ tó ń kà á nínú yàrá.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀sẹ̀ kejì, wíwú náà ń lọ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta ó tún wú. Lọ́sẹ̀ kẹrin ó ń ro ó lálẹ́ débi pé kì í sùn. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Thandeka lọ́sẹ̀ karùn-ún, ó ní kó dùbúlẹ̀ kó ká orúnkún sókè, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì ti ojúgun rẹ̀. Èmi náà rí i. Egungun náà sún sẹ́yìn, ó sì sún padà, bíi dúrọ́ọ̀ tábìlì tó ti dẹ̀.

"Ó yẹ kí èyí ti dúró," Thandeka wí. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. "Mama, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé? Ṣé ẹ̀ ń kúnlẹ̀ kírun?"

Rìnsọ́lá ní rárá, orí àga ni. Òótọ́ ló sọ. Ó wá wolẹ̀.

Inú mi ru. Mo ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tí a ti ń wá, kò sí nǹkan tí a rí. Mo ní ṣé Thandeka kọ́ iṣẹ́ náà tán ṣáájú kí wọ́n tó fún un ní yàrá. Mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí èèyàn sọ sí ọmọ ọlọ́mọ. Kò bá mi pariwo. Ó ń ká táwẹ̀lì rẹ̀.

"Eish, Baba," ó wí. "Ìṣẹ́jú ogójì ni mo ń rí wọn lọ́sẹ̀. Mi ò sí nílé yín. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú títí tí a fi dé ìdí róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó, tó sì pupa. Bí mo ṣe dúró ni mo rántí ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi, nípa ẹ̀rọ tó ń bàjẹ́ lẹ́yìn àtúnṣe. Mo wo Rìnsọ́lá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kọjú sí fèrèsé. Mo pinnu pé ní ọjọ́ Sátidé mi ò ní lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Màá jókòó sílé, màá wo ìyàwó mi bí mo ṣe máa ń wo ẹ̀rọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, mo gbé orí ẹ̀rọ kan wálé, mo tú u sórí tábìlì, mo ṣe bí ẹni tó ń fún un lóróró. Ojú mi wà lára Rìnsọ́lá. Ó ṣe ìdárayá rẹ̀. Ó kírun ìyálẹ̀ta lórí àga. Ó fi àpò ẹ̀wà tútù láti inú fìríìjì lé orúnkún, ó gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù. Mi ò rí àbùkù kankan. Mo ti fẹ́ máa bá Thandeka jà padà nínú ọkàn mi nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn.

Alhaja Yíwọlá ni, tòun ti abọ́ mọ́ínmọ́ín. Rìnsọ́lá ti ṣílẹ̀kùn kí n tó dìde. Ó gbé ọ̀pá méjèèjì ti ògiri, ó di apá àga mú, ó gé ètè jẹ, ó sì kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì, gbì, lórí táìlì.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ kú ọ̀nà mà. Ẹ kú oore."

"Dìde, dìde, ọmọ mi," Alhaja wí. "Pẹ̀lẹ́. Má yọ ara rẹ lẹ́nu."

Gbogbo àgbà ló máa ń sọ "dìde". Ìgbà tí orúnkún bá ti kanlẹ̀ tán ni wọ́n sì máa ń sọ ọ́.

Mo fi skrúdiráfà lu tábìlì. Mo pariwo débi tí obìnrin ará Mozambique fi ṣílẹ̀kùn rẹ̀ nísàlẹ̀. Mo ní, "Rìnsọ́lá! Ṣé ohun tí o ń ṣe nìyí? Ṣé ohun tí o ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún nìyí?" Mo kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ẹ̀yin náà, Alhaja! Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ lẹ̀ ń wá! Ẹ ti fi mọ́ínmọ́ín ba ẹsẹ̀ ìyàwó mi jẹ́!"

Ẹ̀gbọ́n mi tó fi owó ara rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì tó gbé mi wá ni mo sọ bẹ́ẹ̀ sí. Omi lé sí i lójú. "Kamil, ṣé èmi ni mo ní kó kúnlẹ̀? Mo rò pé ara rẹ̀ ti ń yá ni. Mo rò pé tó bá lè kúnlẹ̀, a jẹ́ pé ó ti ń yá."

Rìnsọ́lá ṣì wà nílẹ̀, kò lè dá dìde. Mo gbé e. Mo ń kà á fún wọn bí mo ṣe ń gbé e: Alhaja, ìyàwó Ìmáàmù, ìyá àgbà inú Àsàlátù, àwọn ará Soweto. Mo ní gbogbo wọn ni wọ́n ń pa ẹsẹ̀ yìí. Mo ní ọ̀la ni màá fi ìwé lẹ ara ilẹ̀kùn pé kí ẹnikẹ́ni má wá mọ́.

Balqees ti jáde láti yàrá rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ìwé lọ́wọ́.

"But Daddy," ó wí, "she kneels for you too."

Mo ní, "Èmi kẹ̀? Nígbà wo?"

"Every day. Tí wọ́n bá ń gbé tíì yín wá. And at supper."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ àsìkò tí bọ́ọ̀sì iléèwé máa ń dé. Mo ya ẹnu láti sọ pé irọ́ ni. Mo wá ń wá a nínú orí mi, mo ń wá ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìyàwó mi dúró gbé tíì fún mi láti ọdún mẹ́rìnlá, mi ò rí i. Mi ò rí ọjọ́ tó kúnlẹ̀ náà. Ife ni mo máa ń rí, àti ọwọ́ tó gbé e. Ojú mi máa ń wà lórí fóònù, màá na ọwọ́, màá ní "o ṣé". Lọ́sẹ̀ kìíní, Balqees ló ń gbé oúnjẹ mi wá. Lọ́sẹ̀ kejì, Rìnsọ́lá gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rántí pé mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ náà pé ìyàwó mi ti ń gbádùn. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, lójoojúmọ́. Alhaja tí mo ń pariwo mọ́ kò tó ìdajì tèmi.

Ojú tì mí. Mi ò lè fi òmíràn pè é. Ojú tì mí níwájú ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó mi, ó sì tì mí jù níwájú ọmọ mi.

Alhaja tó ń nu omijé ló wá bú sẹ́rìn-ín. "Kamil ọmọ Ìwó," ó wí, "ìwé tí o fẹ́ lẹ ara ilẹ̀kùn ńkọ́? Orúkọ rẹ ni kí o kọ́kọ́ kọ sí i." Rìnsọ́lá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Mo jókòó tì í. Mo bi í léèrè, ohùn mi ti lọ sílẹ̀: "Ìyá Balqees, o bẹ̀rù ọ̀bẹ. O mọ ohun tí dókítà sọ. Wọ́n ní kí o jókòó kírun, o jókòó. Kí ló dé tí o ò lè jókòó kí èèyàn?"

"Ọlọ́run mọ ọkàn mi," ó wí, "ó sì mọ orúnkún mi. Èèyàn ò mọ ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nílé nípa àwa ìyàwó tó wà níbí? Wọ́n á ní Joburg ti bà á jẹ́, kò mọ àgbà mọ́. Ìyá mi ò ní nǹkan kan tó fi sìn mí wá sílé ọkọ ju ẹ̀kọ́ ilé lọ. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá wọlé, orúnkún mi ti ń lọ sílẹ̀ kí n tó rántí pé ó ń dùn mí. Tí mo bá sì rántí, mo ti wà nílẹ̀."

"Tèmi ńkọ́?"

"Tiyín?" Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. "Ẹ ò kúkú ní kí n má ṣe é."

Alhaja dìde. Ó yọ fóònù nínú àpò, ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, ó gbé e sẹ́nu, gbogbo àwọn obìnrin Àsàlátù sì gbọ́ ọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà: "Asalamu alaykum, ẹ̀yin ìyá mi. Ọ̀rọ̀ Rìnsọ́lá ìyàwó Kamil ni. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, àwa la ò sì jẹ́ kó san. Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ kí i, kó pè é láti ìsàlẹ̀ kó tó gòkè. Kó bi í pé ṣé ó ti jókòó. Tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà tí ẹ rí i ní ìdúró, ẹ yí padà, ẹ gbé oúnjẹ yín lọ. Tó bá kúnlẹ̀ fún yín, ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ ẹ́. Mo ti sọ tèmi."

Wọ́n tẹ̀lé e débi tó fi di àwàdà. Èèyàn á máa gbọ́ ohùn láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn: "Rìnsọ́lá, ṣé o ti jókòó? Ẹsẹ̀ ńkọ́, ṣé ó wà lórí tìmùtìmù?" Ìyàwó Ìmáàmù padà lẹ́ẹ̀kan lóòótọ́ tòun ti ìkòkò ìrẹsì, torí pé ó bá a níbi tó dúró sí. Balqees ló sáré bá a nísàlẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́. Rìnsọ́lá á máa tẹrí ba lórí àga, ojú á tì í, á máa tọrọ àforíjì. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta tí Alhaja ti sọ̀rọ̀, àforíjì náà ti dín kù.

Tèmi, mo gba ilé ìdáná. Mo ń se tíì ara mi, mo ń bu oúnjẹ ara mi, mo ń bu tiwọn náà. Tíì mi ò dára. Balqees ní ó dà bí omi ọ̀dà.

Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, mo wọ yàrá Thandeka, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àtitèmi. Ó fi ọwọ́ gbá orí. Ó ní, "Ẹ̀bi mi náà ni. Ó yẹ kí n ti béèrè. Mákótì ni èmi náà, ìyàwó ilé. Tí mo bá lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí ọkọ mi ní KwaZulu, orí orúnkún ni mo ti ń gbé oúnjẹ fún bàbá ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ ìrun nìkan ni mo bi yín, mi ò ronú kan èyí." Òun àti Rìnsọ́lá wo ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí àwọn ọmọ ìyá. Mo dúpẹ́ pé mo wà níbẹ̀ rí i. Mo tún dúpẹ́ pé kò sọ fún mi pé kí n jáde.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹjọ pé, dókítà ti ojúgun rẹ̀ wò. Ó ṣì ń sún, ṣùgbọ́n kò tó ti tẹ́lẹ̀. Thandeka ti kọ̀wé sí i, ó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Dókítà rò ó títí, ó ní òun á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kún un kí òun tó sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. Ọwọ́ Rìnsọ́lá tutù nínú ọwọ́ mi.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ni mo wá mọ ohun tí ìyàwó mi jẹ́. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń rọra ká orúnkún díẹ̀, ó ń nà án padà, kì í jẹ́ kó nà kọjá. Ó ń fi ẹsẹ̀ kan dúró nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń ka àádọ́ta. Ó ń gun àtẹ̀gùn kan, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń gùn ún, títí òógùn á fi bo ojú rẹ̀. Àtẹ̀gùn tó ṣubú níbẹ̀ náà ni. Mo bi í pé ṣé ẹ̀rù ò bà á, ó ní ó ń bà á, ó sì tún gùn ún. Ó fi ọ̀pá kan sílẹ̀, ó fi èkejì sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo dé láti ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ rẹ̀ láti títì, mo dúró sísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, mo kàn ń gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá pé. Dókítà ní kó dùbúlẹ̀, kó ká orúnkún. Ó ti ojúgun. Kò sún. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó tún un dì mú, ó tì í pẹ̀lú agbára. Kò sún. Ó ti ẹsẹ̀ òsì wò, ó padà sí ọ̀tún. Rìnsọ́lá ti di ojú rẹ̀ pa, ètè rẹ̀ ń mì.

"Kò sí iṣẹ́ abẹ," dókítà wí. "Ẹ máa bá ìdárayá yín lọ. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ lórí ohun rírọ̀, díẹ̀díẹ̀."

Rìnsọ́lá sunkún. Èmi náà sunkún, mi ò ní purọ́. Mo bọ dókítà lọ́wọ́ títí ó fi rọra yọ ọwọ́ rẹ̀. Mo tẹ Alhaja láago nínú ọgbà ọsibítù, ariwo "Allahu akbar" rẹ̀ sì jáde nínú fóònù débi tí ẹni tó ń ṣọ́ géètì fi yíjú wò wá.

Nígbà tí a délé, Rìnsọ́lá ṣe àlùwàlá. Ó tẹ́ ẹní ìkírun, ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀ kó lè rọ̀. Ó dúró díẹ̀. Ó wá sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, òsì ṣáájú, ọ̀tún tẹ̀lé e, ó sì fi orí kanlẹ̀ dúpẹ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo lọ sí ilé ìdáná lọ se tíì.

Nígbà tí mo gbé e dé, ó ti jókòó sórí ẹní, ojú rẹ̀ tutù, ó ń nu imú. Tí mo bá nà án sí i láti òkè, ó lè dà sí i lára. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà fún un. Kò gbà á lójú ẹsẹ̀. Ó ń wò mí. Ìkúnlẹ̀ tí mo mọ̀ ní tèmi kò kọjá ti orí ẹní àti ti kápẹ́ẹ̀tì mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà orí táìlì ni orúnkún mi bọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí mo máa ń jókòó sí jẹun. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí ó fi gba ife. Mi ò mọ̀ pé ilẹ̀ ilé wa le tó bẹ́ẹ̀.